Orí Keje: Agunkè: Ìtumọ̀ àti Ìlò Orúkọ Àwọn Tó Ń Gun Òkè

Èròǹgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

(a) sọ ìtumọ̀ agunkè, kí ó sì ṣàlàyé bí a ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀;
(b) fi ìyàtọ̀ hàn láàárín *gunkè* àti *gòkè*, ní ìró àti ní ìtumọ̀;
(d) lo *agunkè*, *apọ́nkè*, *akọ̀pẹ* àti *agẹṣin* níbi tó yẹ kálukú wọn;
(e) tọ́ka sí ibi tí èdè Yorùbá àti èdè Haúsá ti fara jọra nínú ọ̀rọ̀ gígun nǹkan, pẹ̀lú àpẹẹrẹ láti Gàmbàrí ní Ìlọrin.

7.1 Ìfáàrà

Ìlọrin kì í ṣe ìlú olókè bí Ìdànrè tàbí Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ ìlú náà wà láàárín nǹkan bí 273 sí 364 mítà sókè ìpele òkun, ó sì tẹ́jú débi pé ẹlẹ́ṣin lè sáré lórí rẹ̀ láìkọsẹ̀. Òkè tó dá dúró tó sì yọrí níbẹ̀ ni Òkè Sóbì ní apá àríwá ìlú, tó ga tó nǹkan bí 394 mítà. Orúkọ òkè yìí ni wọ́n fi ń pe àdúgbò tó yí i ká, bárékè àwọn sójà àti ilé ìwòsàn tó wà níbẹ̀.

Gàmbàrí jẹ́ ọ̀kan nínú agbègbè mẹ́rin tó ní Balógun tirẹ̀ ní Ìlọrin. Àwọn mẹ́ta yòókù ni Fúlàní, Àjíkobì àti Àlánamú. Orúkọ tí Yorùbá ń pe àwọn Haúsá ni Gàmbàrí, ìdí rẹ̀ sì ni pé àwọn Haúsá tó wà nínú àwọn tó dá Ìlọrin sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlú Ẹ́míà ló tẹ̀dó sí agbègbè náà. Lónìí, Yorùbá ni à ń gbọ́ jù lẹ́nu ọmọ Gàmbàrí, àmọ́ àwọn ilé kan wà tí Haúsá kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà wọn. Ìdí nìyí tí Gàmbàrí fi dára fún ẹ̀kọ́ orí yìí: ohun tí èdè méjèèjì sọ nípa òkè àti nípa gígun nǹkan wà nítòsí ara wọn, ọmọ ilé kan náà sì lè gbọ́ méjèèjì.

Ìbéèrè tí orí yìí fẹ́ dáhùn kò gùn. Ẹni tó ń gun òkè, tó fi í ṣe iṣẹ́ tàbí eré ìdárayá, kí ni Yorùbá ń pè é? Kí ló sì dé tí a kò fi lè pè é ní *olókè*, tàbí *ará òkè*, tàbí *agòkè*?

7.2 Ọ̀rọ̀-ìṣe *gùn*

Gùn ni kí ènìyàn fi ara rẹ̀ lé orí nǹkan tó ga, tàbí kí ó ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa lọ sí orí rẹ̀. Ohun tí a lè gùn pọ̀:

Ọmọ náà gun igi máńgòrò.
Alága àwọn ọlọ́kadà gun ọ̀kadà tirẹ̀ wá sí ìpàdé.
Kọ́lékọ́lé gun àkàsọ̀ láti tún òrùlé ṣe.
Àwọn ọmọ ọba gun ẹṣin lọ́jọ́ ọdún.
Wọ́n gun Òkè Sóbì kí oòrùn tó mú.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ wo àpẹẹrẹ kejì dáadáa. À ń *gun* ọ̀kadà, a sì ń *wọ* mọ́tò. Ẹni tó gun nǹkan wà lórí rẹ̀, ara rẹ̀ yọ síta, òfuurufú sì ń fẹ́ sí i. Ẹni tó wọ nǹkan ti bọ́ sínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó wọ inú ihò àpáta kò tíì gun àpáta náà.

Ìlò mìíràn wà tó jinlẹ̀ ju wọ̀nyí lọ. Bí òrìṣà bá bà lé olùsìn rẹ̀, Yorùbá a ní òrìṣà náà *gùn ún*, elégùn sì ni orúkọ olùsìn náà, bíi elégùn Ṣàngó. Níbi yìí, ènìyàn ni a gùn, òrìṣà ló gùn ún, bí ẹlẹ́ṣin ṣe ń gun ẹṣin. Ohun tó so gbogbo ìlò wọ̀nyí pọ̀ ni pé ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, èyí tó wà lókè ló sì ń darí.

*Ohùn orí* gùn. Ohùn ìsàlẹ̀ ni *gùn* ní nígbà tó bá dá dúró tàbí tí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ bá tẹ̀ lé e: *ó gùn ún*. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ohùn náà a di àárín: *ó gun òkè*. Bákan náà ni gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ ṣe ń ṣe. Ẹni tó bá kọ *gùn òkè* pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ ti ṣàṣìṣe.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn wà tó súnmọ́ ọn tí a kò gbọ́dọ̀ kó pọ̀ mọ́ ọn. Èkíní ni *gùn* tó túmọ̀ sí pé nǹkan kò kúrú: *okùn náà gùn*. Èkejì ni *gún* olóhùn òkè, tí à ń lò fún *gún iyán*, *gún abẹ́rẹ́* àti *gún ní ọ̀bẹ*. Ohùn ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, pàápàá nígbà tí a bá sọ wọ́n di ọ̀rọ̀-orúkọ. *Gígun òkè* ni iṣẹ́ ẹni tó ń lọ sí orí òkè. *Gígùn òkè* ni bí òkè náà ṣe gùn tó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. *Agúnyán* ni ẹni tó ń gún iyán. Bí akọ̀wé ìwé ìròyìn bá wá kọ *agúnkè*, ohun tó sọ fún òǹkàwé ni pé ẹnì kan ń fi odó gún òkè.

*Ní èdè Haúsá.* Ọ̀rọ̀-ìṣe *hau*, tí ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ jẹ́ *hawa*, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Haúsá a *hau doki* bí ó bá gun ẹṣin, a sì *hau dutse* bí ó bá gun òkè. Ẹni tó ń gun nǹkan ni *mahayi*. Ẹni tó ń gun òkè ni *mai hawan dutse*. Ní Kánò, *hawa* náà ni wọ́n fi sọ ìwọ́de ẹlẹ́ṣin ìgbà ọdún lórúkọ: *Hawan Daushe*, *Hawan Nassarawa*. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá jáde ní Ìlọrin lásìkò ọdún láti wá kí Ẹ́míà, tí wọ́n ti di ẹṣin ní gàárì, tí wọ́n sì fi ìjánu sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọmọ Gàmbàrí tó gbọ́ èdè méjèèjì nílò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún ẹni tó wà lórí ẹṣin àti ẹni tó wà lórí Sóbì.

7.3 Ọ̀rọ̀-orúkọ *òkè*

Òkè ní ìtumọ̀ méjì pàtàkì. Èkíní ni ilẹ̀ tàbí àpáta tó yọrí ju ibi tó yí i ká lọ: *Òkè Ìdànrè*, *Òkè Sóbì*. Èkejì ni apá tó wà lókè nǹkan: *ètè òkè*, *ohùn òkè*, *ó gbójú sókè*.

Láti ara ìtumọ̀ kejì ni àwọn ìlò mìíràn ti jáde. *Òkè Òkun* ni ilẹ̀ tó wà ní ìkọjá òkun. *Òkè Ọya* ni ilẹ̀ tó wà ní ìkọjá odò Ọya, ìyẹn apá àríwá Nàìjíríà, tí kò ní í ṣe pẹ̀lú bóyá òkè wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ní Ìlọrin, Òkè Súnà jẹ́ orúkọ àdúgbò tó ti pẹ́, ibi tí Ṣọlágbérú àti àwọn Mùsùlùmí tó bá a wá tẹ̀dó sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹni tó ń lọ sí Òkè Súnà kò gun nǹkan kan.

Nítorí ìtumọ̀ púpọ̀ yìí, *ará òkè* jẹ́ ọ̀rọ̀ pọ́nna, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń gbé orí òkè, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ti ìlú inú lọ́hùn-ún wá, lójú ará etí òkun. Haúsá kò ní ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀: *dutse* ni òkúta, *dutse* náà ni òkè. Yorùbá ya *òkúta*, *àpáta* àti *òkè* sọ́tọ̀.

7.4 Bí a ṣe ṣẹ̀dá *agunkè*

Agunkè ni ẹni tó fi gígun òkè ṣe iṣẹ́, eré ìdárayá tàbí ìṣe rẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni a fi ṣẹ̀dá rẹ̀:

gùn + òkè → gun òkè (àpólà-ìṣe)
gun òkè → gunkè (ìpajẹ)
a- + gunkè → agunkè (àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀)

Ìpajẹ ni kí ìró kan sọnù nígbà tí ọ̀rọ̀ méjì bá pàdé. Ní ìpele kejì, fáwẹ̀lì méjì ló kojú ara wọn: *un*, tí í ṣe fáwẹ̀lì aránmúpè, àti *ò*. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ. *Ò* ló lọ níhìn-ín, *un* sì dúró. Kì í ṣe *gunkè* nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀:

sun + ẹkún → sunkún
pọn + omi → pọnmi
pọ́n + òkè → pọ́nkè

Orúkọ ìlú Ìlọrin gan-an jẹ́ àpẹẹrẹ ìpajẹ fáwẹ̀lì kejì. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nínú ìlú ni pé òkúta kan wà tí àwọn ọdẹ àtijọ́ ti ń lọ irin iṣẹ́ wọn kí ó lè mú, òkúta náà sì wà ní Ìlọrin títí dòní. *Lọ irin* di *lọrin*, àfòmọ́ *ì-* wọlé sí i níwájú, ó di *Ìlọrin*. Ọmọ tó bá lè ṣàlàyé orúkọ ìlú rẹ̀ báyìí ti mọ ìdajì iṣẹ́ tó wà nínú *agunkè*.

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *a-* ló sọ *gunkè* di orúkọ ẹni. Òun náà ló wà nínú *apẹja* (pa ẹja), *akọ̀wé* (kọ ìwé), *apọnmi* (pọn omi) àti *agbẹ́gilére* (gbẹ́ igi ní ère). Ohun kan wà nínú ìtumọ̀ àfòmọ́ yìí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fojú fò, òun sì ló ṣe pàtàkì jù ní orí yìí. *A-* kì í tọ́ka sí ẹni tó ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Ó ń tọ́ka sí ẹni tí nǹkan náà jẹ́ ìṣe rẹ̀. Ẹni tó fi ìwọ̀ gbé ẹja kan ṣoṣo nínú odò Asà ní ọjọ́ ìsinmi kò tíì di apẹja. Ọmọ tó kọ létà sí bàbá rẹ̀ kò tíì di akọ̀wé. Bákan náà, arìnrìn-àjò afẹ́ tó gun Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta, tó ya fọ́tò, tó sì sọ̀ kalẹ̀, lè sọ pé òun *gun òkè*. Kò tíì di *agunkè*. Ní Olúmọ pàápàá, ẹ̀rọ agbéniròkè wà fún ẹni tí kò fẹ́ fẹsẹ̀ gùn ún, ẹni tó bá sì bá ẹ̀rọ náà dé òkè kò gun nǹkan kan rárá.

Nínú ìwé kíkọ, ọ̀rọ̀ kan ni *agunkè*. A kì í fi àlàfo tàbí àmì sí àárín rẹ̀. Fún ẹni púpọ̀, *àwọn* ni a ó fi síwájú rẹ̀: *àwọn agunkè*. Orúkọ iṣẹ́ náà ni *gígunkè* tàbí *gígun òkè*, méjèèjì ló sì tọ̀nà.

7.5 *Gunkè* àti *gòkè*

Ọ̀nà kejì wà tí *gùn* àti *òkè* lè gbà pàdé. Bí fáwẹ̀lì kìíní bá lọ dípò èkejì, *gòkè* ni a ó ní. Irú ìpajẹ yìí náà ló sọ *gun ẹṣin* di *gẹṣin*, tí a fi ní *agẹṣin*, àti *agẹṣinjagun*, ìyẹn jagunjagun orí ẹṣin. Ìtàn Ìlọrin kún fún agẹṣinjagun. Àwọn ni agbára ogun ìlú náà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí Ìbàdàn tó ṣẹ́gun wọn ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, nítòsí igbó tí ẹṣin kò ti lè sáré bó ti ń sáré ní ọ̀dàn.

Ọ̀rọ̀ kan náà ló bí *gunkè* àti *gòkè*, àmọ́ wọn kò jọ ṣe iṣẹ́ kan náà mọ́. *Gunkè* dúró ti òkè tí ojú ń rí, tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. *Gòkè* ti gbòòrò: ó di kí nǹkan lọ sókè, kí ènìyàn ní ìlọsíwájú, kí ipò rẹ̀ ga.

Iye owó ìrẹsì ti gòkè.
Ọmọ wọn ti gòkè àgbà.
Ìgòkè-re-ọ̀run Jésù ni àwọn Kristẹni ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní ogójì ọjọ́ lẹ́yìn Àjíǹde.

Kò sí ibì kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a ti lè fi *gunkè* rọ́pò *gòkè*. Owó ìrẹsì kò ní ẹsẹ̀. Nítorí èyí, bí a bá ṣẹ̀dá *agòkè*, ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ẹni tí ipò rẹ̀ ń ga sí i lẹ́nu iṣẹ́ ni à ń sọ. Ohun tó mú kí orí yìí yan *agunkè* nìyẹn: ó pa òkè mọ́ sójú.

Ìtàkùrọ̀sọ tó wà nísàlẹ̀ yìí fi ìyàtọ̀ náà hàn. Ìyá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Gàmbàrí.

ỌMỌ: Ìyá Àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Tíṣà wa gòkè lánàá.
ÌYÁ ÀGBÀ: Alhamdulilahi! Wọ́n ti fi í ṣe ọ̀gá ilé-ìwé?
ỌMỌ: Rárá, Ìyá. Òkè Sóbì ni wọ́n lọ.
ÌYÁ ÀGBÀ: Ìyẹn ni pé ó *gun* òkè. Kí ló wá lọ síbẹ̀? Igi ìdáná?
ỌMỌ: Wọn ò wá nǹkan kan. Wọ́n máa ń gùn ún fún ìdárayá. Oṣooṣù ni àwọn àti ẹgbẹ́ wọn ń lọ.
ÌYÁ ÀGBÀ: Agunkè ni wọ́n nígbà náà. Ìgbà tí o ní ó gòkè, mo ti fẹ́ ní kí ìyá rẹ bá mi gbé ẹ̀bùn lọ fún un.

Ìyá àgbà kò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ọmọ ló fi *gòkè* síbi tí *gun òkè* yẹ kó wà. Kí a sì kíyè sí i pé kò pe tíṣà náà ní *agunkè* àfi ìgbà tó gbọ́ pé oṣooṣù ló ń lọ.

7.6 Àwọn orúkọ tó súnmọ́ *agunkè*

Apọ́nkè. *Pọ́n òkè* ni kí ènìyàn máa gun ibi tó dagun, tó ń fa èémí, tó ń mú orúnkún ro ni. Ẹni tó ru ẹrù lọ sí ọjà orí òkè ń pọ́n òkè, yálà ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí kò fẹ́. *Apọ́nkè* dára nígbà tí òǹkọ̀wé bá fẹ́ kí ìnira náà hàn ju ọgbọ́n iṣẹ́ lọ.

Olókè ni ẹni tó ni òkè, tàbí ibi tí òkè pọ̀ sí, bí a ti lò ó nínú *ìlú olókè* ní ìbẹ̀rẹ̀ orí yìí. Kò sọ ohunkóhun nípa gígùn ún.

Akọ̀pẹ ló yẹ kí a dúró tì. Òun ni ẹni tó mọ gígun nǹkan jù láwùjọ Yorùbá, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò ní *gùn* nínú: *kọ ọ̀pẹ* ló di *kọ̀pẹ*, tó di *akọ̀pẹ*. Iṣẹ́ tó lọ ṣe lórí ọ̀pẹ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé ẹyìn ló ń wá. Ohun èlò rẹ̀ ni igbà, okùn líle tó nípọn. Yóò ta igbà yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká, yóò so ó, yóò fẹ̀yìn tì í títí yóò fi le. Ẹsẹ̀ méjèèjì á tẹ ara ọ̀pẹ. Bó bá fẹ́ lọ sókè, á súnmọ́ ọ̀pẹ díẹ̀ kí igbà lè dẹ̀, á sọ igbà sókè lójijì, á tún fẹ̀yìn tì í, á wá gbé ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí yóò fi dé ìdí imọ̀. Bí igbà bá já, kò sí ohun mìíràn tó mú un.

Okùn agunkè yàtọ̀ sí igbà, kò sì yẹ kí a fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì. Igbà yí igi ká, ó sì ń bá akọ̀pẹ lọ sókè. Okùn agunkè so ó mọ́ ẹnì kejì rẹ̀, tàbí mọ́ irin tí wọ́n kàn mọ́ ara àpáta. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀, okùn ni yóò gbà á dúró. Nínú ìwé kíkọ, *okùn* tó.

Àwọn tó ń gbé orí òkè náà kò ṣeé pè ní agunkè. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè kọ́ ilé wọn sí. Oko wà nísàlẹ̀, ilé wà lókè, nítorí náà gígun òkè jẹ́ ìrìn ojoojúmọ́ fún ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni àlejò tó fẹ́ dé ìlú àtijọ́ náà ń gùn lónìí. Agbára ẹsẹ̀ wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ilé ni wọ́n ń lọ. *Ará orí òkè* ni orúkọ tó bá wọn mu.

7.7 Ìlò *agunkè* fún àwọn ti òkèèrè

Gígun òkè gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní Yúróòpù lẹ́yìn ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1786, nígbà tí Jacques Balmat àti Michel Paccard dé orí Mont Blanc, ní ààlà ilẹ̀ Faransé àti Ítálì. Mont Blanc wà lára àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Alps, láti ara Alps sì ni àwọn èdè Yúróòpù kan ti rí orúkọ tí wọ́n ń pe agunkè. Orúkọ Yorùbá kò so mọ́ òkè kan. *Agunkè* bá ẹni tó ń gun Sóbì mu, ó bá ẹni tó ń gun Chappal Waddi mu, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, tó wà ní ìpínlẹ̀ Tàràbà tó sì ga tó 2,419 mítà. Ó sì bá ẹni tó ń gun Kilimanjaro mu ní Tansaníà, tó ga tó 5,895 mítà.

Edmund Hillary, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, àti Tenzing Norgay ni agunkè àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé wọ́n dé téńté orí Everest, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1953. Everest, tó ga tó 8,849 mítà, ni òkè tó ga jù láyé. Nínú ìròyìn, ọ̀pọ̀ máa ń pe àwọn bíi Norgay ní *Sherpa* bí ẹni pé orúkọ iṣẹ́ ni. Orúkọ ẹ̀yà kan tó ń gbé apá òkè ní Nepal ni Sherpa, bí Gàmbàrí ṣe jẹ́ orúkọ tí Yorùbá fún ẹ̀yà kan. Sherpa tó jẹ́ àgbẹ̀ wà, èyí tó jẹ́ olùkọ́ náà wà. Nítorí náà, *agunkè* ni kí a pe Norgay, gẹ́gẹ́ bí a ti pe Hillary. Bí ó bá sì yẹ kí ẹ̀yà rẹ̀ hàn, *agunkè ọmọ Sherpa* ni a ó kọ. Ẹni tó bá kọ *Hillary agunkè àti Sherpa tó tẹ̀ lé e* ti dá ọlá méjì fún ènìyàn méjì tó jọ ṣe iṣẹ́ kan.

Àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ máa ń bá *agunkè* rìn nínú gbólóhùn. *Ẹsẹ̀ òkè* ni ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀. *Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́* ni ara òkè tó dagun. *Ṣóńṣó*, *ògóńgó* tàbí *téńté* ni orí rẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ń padà bọ̀ ń *sọ̀ kalẹ̀*.

7.8 Kókó inú orí yìí

Gùn + òkè lè di *gunkè* tàbí *gòkè*. Èkíní jẹ mọ́ òkè tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀, èkejì jẹ mọ́ ìlọsókè ní gbogbo ọ̀nà. *A-* + *gunkè* ló fún wa ní *agunkè*, orúkọ ẹni tí gígun òkè jẹ́ ìṣe rẹ̀. Olùgbé orí òkè, akọ̀pẹ àti ẹni tó gun òkè lẹ́ẹ̀kan ní orúkọ tiwọn lọ́tọ̀.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìpajẹ? Fi *sunkún*, *gẹṣin* àti *Ìlọrin* ṣàlàyé, kí o sì sọ fáwẹ̀lì tó sọnù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

2. Fi àmì ohùn tó yẹ sí *gun* nínú àwọn gbólóhùn wọ̀nyí, kí o sì sọ ìdí rẹ̀:
(a) Okùn agunkè náà gun ju ti akọ̀pẹ lọ.
(b) Wọ́n ń gun iyán ní ẹ̀yìnkùlé.
(d) Ẹṣin náà ga. Ọmọdé kò lè gun un.
(e) Ta ló kọ́kọ́ gun Òkè Sóbì lónìí?

3. Yan *gunkè* tàbí *gòkè* sí àlàfo kọ̀ọ̀kan:
(a) Owó epo tún ti ____.
(b) Kí àwọn ọmọ tó ____, wọ́n mu omi.
(d) Ọlọ́run yóò mú kí iṣẹ́ rẹ ____.

4. Èwo nínú àwọn wọ̀nyí ni a lè pè ní agunkè? Ṣàlàyé ìdáhùn rẹ.
(a) Obìnrin kan tó ń gbé orí òkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí oko lójoojúmọ́.
(b) Ọkùnrin kan tó ń gun òkè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́dọọdún pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀.
(d) Akọ̀pẹ.
(e) Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kíláàsì rẹ̀ lọ sí Olúmọ lẹ́ẹ̀kan.

5. *Ará òkè dé.* Sọ ìtumọ̀ méjì, ó kéré tán, tí gbólóhùn yìí lè ní. Tún un kọ lọ́nà méjì tí kò fi ní í jẹ́ pọ́nna mọ́.

6. Kọ àròkọ onílà mẹ́wàá nípa agunkè kan tó ń lọ sí ṣóńṣó òkè. Lo *ẹsẹ̀ òkè*, *gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́*, *okùn* àti *sọ̀ kalẹ̀* nínú rẹ̀.

7. Iṣẹ́ àṣetiléwá. Lọ bá àgbàlagbà kan tó gbọ́ Yorùbá àti Haúsá ní Gàmbàrí tàbí ní àdúgbò rẹ. Béèrè orúkọ tó ń pe ẹni tó ń gun ẹṣin, ẹni tó ń gun igi àti ẹni tó ń gun òkè nínú èdè méjèèjì, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe pè é gan-an, kódà bí kò bá bá ti inú ìwé yìí mu. Kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀ kí i, kí o sì gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí o tó mú gègé jáde.